Ilé Nínú Àpótí: Ìtàn Yàrá Bíńtín àti Àwọn Tó Kọ́ Ọ

Ẹni tó bá dúró níwájú ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí Narcissa Thorne fi sílẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní Chicago, ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tàn án. Yóò rí ilẹ̀ onípákó tó ń dán, àga tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ tí yàrá mìíràn ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀, àti ìmọ́lẹ̀ bíi ti òwúrọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bí kì í bá ṣe ti férémù tó yí i ká ni, kò níí mọ̀ pé gbogbo gíga àga náà kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Yàrá bíńtín ni irú iṣẹ́ yìí. Bí a bá kó irú yàrá bẹ́ẹ̀ mélòó kan jọ sínú àpótí tàbí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó di ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ilé ọmọláńgidi, orúkọ yìí gan-an ló sì ba ìtàn rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọmọláńgidi, eré ọmọdé ni yóò rò. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tì í lẹ́yìn. Iṣẹ́ àgbà ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọdé kàn yá a lò fún ìgbà díẹ̀ ni. Àwọn tó sì gbé e ró jù lọ ni àwọn tí ayé kò fún láyè láti kọ́ ilé gidi, àwọn obìnrin tó mọ ilé dénú, tí orúkọ wọn kì í sì í hàn nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ ẹni tó kọ́lé.

Àwọn kan máa ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lọ sí Íjíbítì. Ní ọdún 1920, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Herbert Winlock jẹ́ olórí wọn rí ihò kan tó fara sin nínú ibojì Meketre, ìjòyè kan tó ti kú láti nǹkan bí 4,000 ọdún. Ihò náà kún fún ilé onígi kéékèèké: ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí, àká ọkà, ilé màlúù, àti ọgbà kan tí igi yí adágún rẹ̀ ká, bàbà ni wọ́n sì fi tẹ́ inú adágún náà kí ó lè gba omi. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Síbẹ̀, n kò gbà pé òun ni baba ńlá yàrá bíńtín. Wọ́n mọ ọ́n mọ́ inú òkùnkùn ni, kí olóògbé lè rí jẹ kí ó sì rí mu lọ́run. Wọn kò fẹ́ kí ojú alààyè kankan rí i mọ́. Yàrá bíńtín ní tirẹ̀ kò pé títí tí ẹnìkan yóò fi bẹ̀rẹ̀ wò ó. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí okùn kankan tó so iṣẹ́ Meketre mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà mẹ́ta àti ààbọ̀. Kí nǹkan méjì jọra kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Okùn tí a lè tọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì. Láàrin ọdún 1557 sí 1558, Albrecht Karùn-ún tó ń ṣàkóso Bavaria ní kí wọ́n kọ́ ilé kékeré kan fún òun. Ibí ni ẹnu àti ìwé ti kọ́kọ́ yà síra. Ìtàn tí wọ́n ń sọ láti ẹnu dé ẹnu ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ fún, kí ó máa fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1598, nígbà tí Johann Baptist Fickler ń kọ gbogbo ìṣúra ààfin náà sílẹ̀, àárín ohun iyebíye ló bá ilé kékeré yìí, nínú yàrá tí wọ́n kó àwọn iṣẹ́ ọnà àti ohun àràbarà sí. Ó kọ ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ yàrá sí yàrá, láti ibùso ẹṣin àti ilé ìdáná dé ilé àdúrà àti gbọ̀ngàn ijó. Iná jó ilé náà ní ọdún 1674, ìwé Fickler nìkan ló kù. Ó lè jẹ́ pé ọmọbìnrin náà wà lọ́kàn bàbá rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ rán wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí ń sọ ohun tí wọ́n kà á sí, kò sì sí ẹni tó ń kó ohun ìṣeré ọmọ rẹ̀ sáàárín ìṣúra ìlú.

A lè bi mí pé, ṣé ọkùnrin kọ́ ni Albrecht? Ọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ohun tó mú nǹkan tọ́jọ́. Ní ààfin, ilé kékeré jẹ́ ohun àràbarà kan láàárín ọ̀pọ̀, ó sì lè parí síbẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di àṣà ni bó ṣe kúrò ní ààfin tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú, ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó ṣe kedere sì wá láti Nuremberg. Ní ọdún 1631, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Köferlin kọ́ ilé kan, ó kó ohun èlò sínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó pe ará ìlú wá wò ó, ó ń gba owó lọ́wọ́ wọn, ó sì tẹ ìwé pélébé kan láti fi sọ ìdí rẹ̀: kí àwọn èwe rí bí ilé tó létò ṣe ń rí. Ilé tirẹ̀ náà ti sọnù, ìwé pélébé rẹ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ ká wo ọdún náà dáadáa. Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ń jó ilẹ̀ Jámánì lọ nígbà náà; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun Wallenstein àti ti Gustavus Adolphus dó ti ara wọn lẹ́bàá Nuremberg, ebi àti àrùn sì pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ. Nínú ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òrùlé òun yóò wà lórí ògiri lọ́dún tó ń bọ̀, obìnrin kan gbé ilé kan kalẹ̀ tí ṣíbí, ìgbálẹ̀ àti ìkòkò wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. N kò rò pé èèṣì ni.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mò ń sọ wà níbí pẹ̀lú, nítorí àwọn ilé Nuremberg ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé tọmọdé ni. Òótọ́ ni pé wọ́n fi ń kọ́ ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí eré. Nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé Stromer, tí wọ́n kọ ọdún 1639 sí lára, tó ṣì wà ní Nuremberg títí dòní, nǹkan bí 1,000 ohun èlò ló wà níbẹ̀: àwo tánganran wà lórí pẹpẹ, abọ́ onítánńganran òjé tò lọ bẹẹrẹ lára ògiri ilé ìdáná, ìkòkò bàbà sì so kọ́ sí ọ̀kánkán ibi iná. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń rọ ìkòkò gidi fún ìlú náà ló rọ wọ́n. Ọmọbìnrin á wò ó, ìyá á máa fi ìka tọ́ka sí i, ọwọ́ ọmọ kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ìyá ló ni ìmọ̀, òun ló ni kọ́kọ́rọ́.

Ní Holland ni nǹkan ti gbilẹ̀. Amsterdam ti di ìlú tí owó ayé ń ṣàn wọ̀, láti inú òwò sìíkì, òwò ata àti tùràrí, àti òwò ẹrú pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́rọ̀ ọkùnrin a máa ra kọ́bọ́ọ̀dù olówó ńlá, wọn a kó ìkarawun òkun, owó àtijọ́ àti òkúta àràmàǹdà sínú rẹ̀, wọn a sì máa fi han àlejò. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà, abẹ́ àkóso ọkọ ni ìyàwó wà. Ọkọ ló ń fọwọ́ sí ìwé, òun ló sì ń bójú tó dúkìá. Àwọn ìyàwó wọ̀nyí ra irú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, wọ́n sì kó ilé sínú rẹ̀. Petronella Dunois ṣe tirẹ̀, Petronella de la Court ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1743, Sara Rothé ra kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń lu wọ́n ní gbàǹjo, ó tú wọn, ó sì tún inú wọn tò gẹ́gẹ́ bó ṣe wù ú. Èyí tó lókìkí jù ni ti Petronella Oortman, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1686 tí kò sì fi í sílẹ̀ fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ó ti wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam báyìí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn kan wà tí wọ́n ń sọ nípa ilé Oortman: pé Ọba Peter ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló ní kí aṣojú òun ní Amsterdam ṣe é fún òun, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ iye tó jẹ́, ó kọ̀ ọ́. Orúkọ aṣojú náà, Brants, jọ orúkọ ọkọ Oortman, Johannes Brandt, tó ń ta sìíkì; ìjọra orúkọ yìí ló bí ìdàrúdàpọ̀ náà. Àwọn ohun inú ilé ló tú àṣírí. Lára àwọn aṣọ funfun kéékèèké tó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òwú kọ lẹ́tà B àti O, orúkọ Brandt àti Oortman, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé gbogbo láyé ìgbà náà ṣe máa ń sàmì sí aṣọ ilé rẹ̀. Òǹpìtàn tó bá fẹ́ mọ olóhun ilé, kí ó ka aṣọ. Mo sì rí i pé ìtàn irọ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí: ohun tó ná owó tó tó báyìí, wọn kò gbà pé obìnrin ló lè ni ín, àfi kí wọ́n wá ọba kan fi tì í. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni 20,000 sí 30,000 guilder, owó tó lè ra ilé gidi lẹ́bàá odò àfọwọ́gbẹ́ ìlú náà.

Kí ni ó fi owó náà ṣe? Ó ránṣẹ́ sí Ṣáínà kí wọ́n mọ àwo tánganran bíńtín fún òun. Ó gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán kí ó kun ògiri yàrá kan ní igbó, odò àti sánmà, láti orí ilẹ̀ dé àjà. Igbá ìjàpá òkun àti òjé ni wọ́n fi ṣe ara kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́nà. Ibi tó fà mí mọ́ra ju gbogbo wọn lọ ni òkè àjà, níbi tí kò sí àlejò kankan tí wọ́n máa ń mú dé nínú ilé gidi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi irin lọ̀ ọ́, pẹ̀lú igi ìsáṣọ àti agbọ̀n tí wọ́n hun ní ìwọ̀n tó bá yàrá mu. Àwọn ayàwòrán ńlá Holland kò ya irú ibẹ̀ rí tó báyìí. Ní nǹkan bí ọdún 1710, Oortman ní kí Jacob Appel ya àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú àwọn ọmọláńgidi inú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọláńgidi náà ló ti sọnù. Inú àwòrán Appel nìkan la ti ń rí wọn. Yàrá wà, agbọ̀n wà, aṣọ wà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ló lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Pé àwọn obìnrin wọ̀nyí kò rí ilé gidi kọ́ ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú pẹ̀lú ti kékeré. Ọ̀rọ̀ náà kò ká ìdí ẹ̀rí. Ẹni tó ń fi òòbẹ̀ dípò àdán kì í san owó àdán. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń gbé inú ilé ńlá. Ohun tí wọn kò ní ni àṣẹ láti sọ bí yóò ṣe rí láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí orúkọ wọn sì dúró lórí rẹ̀. Wọ́n rí èyí gbà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn oníṣòwò tó jẹ́ ọkọ wọn, ọ̀pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ ti wó tàbí ti yí padà kọjá mímọ̀. Ti àwọn ìyàwó ni a fi ń mọ bí ilé wọn ṣe rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣà náà wọ ilé àwọn ọlọ́lá ní ìgbèríko, wọ́n sì ń ṣe é bí ilé gidi tó ní ojú, fèrèsé àti òpó, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyáálé. Èyí tó wà ní Nostell Priory ní Yorkshire, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1735, ní ibi ìdáná òkúta mábù àti àga tí kò yàtọ̀ sí ti ilé ńlá àyàfi ní ìwọ̀n. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé Thomas Chippendale, gbajúmọ̀ káfíńtà, ló ṣe àwọn àga náà. Ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n. Ọdún 1718 ni wọ́n bí Chippendale, kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà náà, ó sì di àwọn ọdún 1760 kí ìwé ilé náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ rẹ̀. Ìlú rẹ̀ kò jìnnà, a kò lè sọ pé kò ṣeé ṣe rárá. Ṣùgbọ́n ìṣe kan náà la tún ń rí: iṣẹ́ tó dára tí kò ní orúkọ, wọn a wá orúkọ ọkùnrin ńlá kan lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọmọdé wọlé dé. Ẹ̀rọ ti lè tẹ bébà aláwọ̀ tó jọ bíríkì àti òrùlé, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó lásán. Ní àwọn òkè Jámánì, níbi tí ìwakùsà ti ń kú lọ, àwọn ìdílé tó ti ń wa tánńganran bíi ti Seiffen yíjú sí igi, wọ́n ń ṣe ohun ìṣeré lọ́pọ̀ yanturu nínú ilé, tọmọ tòbí, fún owó táṣẹ́rẹ́. Ohun èlò di pọ́ọ́kú, ìwọ̀n rẹ̀ di rúdurùdu: àga ga ju tábìlì, ife tóbi ju orí ọmọláńgidi. Fún ọmọdé, ó tó. Sànmánì yìí ló fi orúkọ ohun ìṣeré sí gbogbo ohun tó ti kọjá lára, a sì gba orúkọ náà láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló dá a padà sọ́wọ́ àgbà. Ní ọdún 1921, Princess Marie Louise dá a lábàá pé kí wọ́n kọ́ ilé kan fún Queen Mary, tó jẹ́ olólùfẹ́ ohun bíńtín. Edwin Lutyens yàwòrán rẹ̀, nǹkan bí 1,500 oníṣẹ́ ọwọ́, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé sì dá sí i títí di 1924. Omi ń jáde ní ẹnu ẹ̀rọ inú rẹ̀, iná mànàmáná ń tàn, ẹ̀rọ agbénirokè ń gòkè ó ń sọ̀. Arthur Conan Doyle fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn kan sínú ìwé tó kéré ju àpótí ìṣáná lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley lọ́dún náà, ó lé ní 1,600,000 ènìyàn tó wò ó. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í rí: ogun ti pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, iṣẹ́ ọwọ́ ń kú, ìlú kan sì fẹ́ fi han ara rẹ̀ pé òun ṣì mọ iṣẹ́ ṣe. Bí Anna Köferlin ṣe ṣe nìyẹn ní 1631, pẹ̀lú owó tó pọ̀ jù.

Ilé Queen Mary ló mú kí ìwọ̀n kan fìdí múlẹ̀: ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn ìdá kan nínú 12. Inú ìwọ̀n yìí ni Narcissa Thorne ti ṣiṣẹ́ ní Chicago. Wọ́n bí i ní Indiana ní 1882, ó fẹ́ ọmọ ìdílé oníṣòwò ńlá, ó sì ti ń kó ohun bíńtín jọ láti kékeré. Ní ìgbà ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930, tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú, ó gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ síṣẹ́, ó sì ń yàwòrán ohun tí wọn yóò ṣe. Ọgbọ̀n yàrá ló gbé jáde níbi ìpàtẹ Chicago ní 1933. 68 ló wà ní Art Institute lónìí. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Lutyens pẹ̀lú kò fọwọ́ kan ìṣó kan, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ó yẹ ká sún mọ́ ọn wo ohun tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń gbà, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà. Pákó tó nípọn ní ínṣì kan gbọ́dọ̀ di pélébé bíi mìlímítà méjì. Èyí rọrùn, ohun tó ṣòro ni pé ìlà inú igi kò mọ̀ pé a ti dín nǹkan kù. Bí a bá fi igi tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ kan tábìlì kékeré, yóò dà bí ẹni pé wọ́n gé e lára ìtì ìrókò tó ga dé ọ̀run, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń lo igi tí ara rẹ̀ kúnná, bíi igi èso píà. Aṣọ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìíkì tó fẹ́lẹ́ jù lọ, bí a bá fi ṣe kọ́tìnì tí kò ga ju ọwọ́ lọ, yóò yọ síta gbaga bíi bébà, torí kò wúwo tó láti fa ara rẹ̀ wálẹ̀. Wọn a rin ín, wọn a fi abẹ́rẹ́ mú ìṣẹ́po rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Fáníìṣì tó dán bíi ti àga gidi yóò dán lódì níbí, wọn a sì fi sáńpépà tó kúnná jù lọ pa á lójú. Iṣẹ́ ìkẹyìn ni ìmọ́lẹ̀: Thorne kì í jẹ́ kí iná hàn. Ẹ̀yìn fèrèsé ló ń fi í pamọ́ sí, pẹ̀lú àwòrán ọgbà tàbí òpópónà, kí ojú lè gbà pé ayé ń lọ níta. Kò fi ọmọláńgidi sínú wọn. Ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ló ń sọ pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Ọmọ Chicago mìíràn, Frances Glessner Lee, tí wọ́n bí ní 1878, gba ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó gbà rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí Harvard. Òun, wọn kò jẹ́ kó lọ sí yunifásítì. Nígbà tó jogún owó, ó fi dá ẹ̀kọ́ nípa ikú àìròtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ní Harvard ní 1931, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá bíńtín tí òkú wà nínú wọn, kí àwọn ọlọ́pàá lè fi kọ́ bí a ti ń wo ibi tí ènìyàn kú sí. Kàlẹ́ńdà ara ògiri, oúnjẹ tó ń se lọ́wọ́, ìbọ̀sẹ̀ tó fi abẹ́rẹ́ tínínrín hun fúnra rẹ̀, kò sí èyí tí kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn ọlọ́pàá ń fi 18 nínú wọn kẹ́kọ̀ọ́ ní Baltimore títí dòní. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé eré ni iṣẹ́ yìí, kí ó wo ilé ìdáná tí Lee kọ́. Ilé àwọn tálákà àti àwọn tí kò lẹ́nìkan ló pọ̀ nínú ohun tó kọ́, òkú obìnrin ló sì pọ̀ níbẹ̀, tí ìbéèrè bí wọ́n ṣe kú ń dúró de ẹni tó mọ bí a ti ń wo ilé.

Ọwọ́ ọmọ Yorùbá kan pẹ̀lú wà nínú ìtàn yìí. London ni wọ́n bí Yinka Shonibare sí ní 1962, Èkó ló sì dàgbà sí. Ní 2002, ó ṣe ilé ọmọláńgidi kan tó fi ilé tirẹ̀ ní London ṣe àwòkọ́ṣe, ilé ayé Queen Victoria, tóóró tó ga, bíi èyí tí owó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú bá wọn kọ́. Ohun èlò inú rẹ̀ jẹ́ ti ayé ìgbà náà. Aṣọ tó fi bo àwọn àga ni ankara, èyí tí àwọn ará Holland kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní àfarawé aṣọ àdìrẹ onída ti Indonesia, kí wọ́n tó máa kó o wá tà ní etíkun wa. Bẹ́ẹ̀ ni òwò tó ra kọ́bọ́ọ̀dù Oortman ṣe tún wọ yàrá bíńtín mìíràn, lára àga tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ.